Bí Sìmẹ́ǹtì Ṣe Ń Tètè Le: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ lórí Àbá pé Òkúta àti Fọ́síìlì Kì í Pẹ́ Dá

Àṣamọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a yẹ ọ̀kan wò nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó gbà pé ayé kò tíì ju nǹkan bí ọdún 6,000 sí 10,000 lọ máa ń sọ jù: pé òkúta a máa tètè le, pé fọ́síìlì a sì máa tètè dá, nítorí náà ayé kò lè pẹ́ tó bí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣe sọ. Ìpele òkúta agbègbè Sókótó ni a fi ṣe òṣùwọ̀n àbá náà. Ohun tí a rí ni pé apá kìíní ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òtítọ́, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ pàápàá kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kejì kò tẹ̀lé apá kìíní. A fi àbá kádìí rẹ̀ lórí bí olùkọ́ ṣe lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí láì fi ìgbàgbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ẹlẹ́yà, láì sì fi òtítọ́ pamọ́.

1. Ìfáàrà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Sama Road, nínú ìlú Sókótó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a ra ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ ẹni tí ó pàtẹ ìwé sí ẹ̀bá títì náà. Fótókọ́pì ni, kò ní orúkọ òǹkọ̀wé, kò sì sí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lára rẹ̀. Àwòrán òòlù kan tí òkúta bò mọ́lẹ̀ ni ó wà ní iwájú rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ láti ojú ìwé kìíní títí dé ìparí kò ju ẹyọ kan lọ: bí kọnkéré bá lè le láàárín ọjọ́ kan, kí ni ìdí tí a ó fi gbà pé òkúta nílò ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún? Ní òdìkejì títì, àwọn bíríkìlà ń mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń tò wọ́n sínú oòrùn. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà níbẹ̀, tí ó sì gbójú sókè, yóò rò pé ẹ̀rí ti wà níwájú òun.

Kì í ṣe pé ìwé náà ṣàdédé wù wá rà. A ti bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pàdé ṣáájú, nínú kíláàsì kan tí a ti lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ tí gbogbo wa ń pè ní T.P. Orí òkúta ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lé. Ọmọ kan nawọ́, ó ní àwọn máa ń rí ìkarahun nínú òkúta tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ǹtì, ó wá béèrè bí ìkarahun inú òkun ṣe dé Sókótó tí òkun jìnnà sí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa dáhùn pé ìkún-omi ayé Nóà ni ó gbé e wá, pé láàárín ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo òkúta wọ̀nyẹn dá. Àwa méjì ni a jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ọ̀kan nínú wa gé máàkì rẹ̀ wálẹ̀. Ẹnì kejì kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó tọ̀ wá wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tí ó kúnlẹ̀ tí ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ǹ bá sọ fún ọmọ yẹn?”, a ní kí ó lọ ka ìwé rẹ̀ dáadáa.

Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tí ó gé máàkì láì lè sọ ìdí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Iṣẹ́ yìí ni èsì tí ó yẹ kí a ti fún akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọjọ́ náà.

2. Orísun àbá náà

Àbá yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1650, Bíṣọ́ọ̀bù James Ussher ti ilẹ̀ Ireland ṣírò ọdún inú Bíbélì, ó sì fi ìṣẹ̀dá ayé sí ọdún 4004 ṣáájú ìbí Jésù. Ní 1923, George McCready Price, ọmọ Kánádà tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Adventist, tẹ ìwé The New Geology jáde, ó ní Ìkún-omi kan ṣoṣo ni ó tẹ́ gbogbo ìpele òkúta ayé. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé àárín ọ̀pọ̀ ìjọ ni John Whitcomb, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn, àti Henry Morris, ẹnjiníà onímọ̀ ìṣàn omi, nínú ìwé wọn The Genesis Flood tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961. Púpọ̀ nínú ohun tí ìwé pẹlẹbẹ Sama Road ń sọ, inú agbo yìí ni ó ti wá, bí kò tilẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àkíyèsí kan wà tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rò pé Darwin ni ó hùmọ̀ ọ̀rọ̀ pé ayé ti pẹ́, kí ó lè rí àyè fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Darwin kò jáde títí di 1859. Ní 1831, Adam Sedgwick, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti dìde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òun kó ọ̀rọ̀ òun jẹ: òun ti kọ́ni tẹ́lẹ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn tí ó bo orí ilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Ìkún-omi Nóà, òun sì ti ṣàṣìṣe. William Buckland, tí òun náà jẹ́ àlùfáà, tí ó sì kọ ìwé ní 1823 láti gbè é lẹ́yìn, fi àbá náà sílẹ̀ bákan náà. Àwọn méjèèjì kò fi ìgbàgbọ́ wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ ni ó yí èrò wọn padà.

3. Òtítọ́ tí ó wà nínú àbá náà

Bí a bá fẹ́ dá ẹjọ́ tí ó tọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ àwọn olùjẹ́jọ́ fún wọn. Fọ́síìlì ni a ń pe àjẹkù tàbí ipa ohun ẹlẹ́mìí ayé àtijọ́ tí ó wà nínú òkúta. Òtítọ́ ni pé bí òkú ẹran bá wà lórí ilẹ̀ gbalaja, ìdin àti igún kò ní jẹ́ kí ó pẹ́. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn gbọ́dọ̀ tètè bò ó kí ó tó lè di fọ́síìlì. Gbogbo onímọ̀ ilẹ̀ ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé igi tí ó bọ́ sínú omi gbígbóná tí ó ń sun láti inú ilẹ̀ ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í di òkúta láàárín ọdún tí kò tó 10. Òtítọ́ ni pé ní àwọn etíkun kan, iyanrìn a máa lẹ̀ mọ́ra di òkúta kí ìgò tí ẹnìkan jù síbẹ̀ tó sọnù. A ti rí ìgò nínú òkúta bẹ́ẹ̀. Òòlù inú àwòrán ìwé náà, tí wọ́n rí ní Texas ní ọ̀rúndún ogún, kò ju irú èyí lọ: ẹfun tí ó yòrò sínú omi ni ó dì yí i ká.

Ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti òkè oníná St Helens ní Amẹ́ríkà. Ó bú ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1980. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ó tún bú, eérú gbígbóná sì tẹ́ ìpele lórí ìpele tí ó ga ní ọ̀pọ̀ mítà láàárín wákàtí díẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 1982, ọ̀gbàrá ẹrẹ̀ gba orí eérú yẹn kọjá, ó sì gbẹ́ àfonífojì jíjìn láàárín ọjọ́ kan. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Àwa tí a wà ní Sókótó kò tilẹ̀ nílò kí a lọ sí Amẹ́ríkà kí a tó mọ agbára omi. Ní 2010, omi ya láti ibi ìsédò Goronyo, ó gba abúlé àti oko lọ. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ lẹ́yìn ìkún-omi bẹ́ẹ̀ kò ní jiyàn pé omi lè ṣe iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ní ọjọ́ kan.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà ti jẹ̀bi rí nípa èyí. Nígbà tí J Harlen Bretz sọ ní 1923 pé ìkún-omi ńlá kan ni ó gbẹ́ ilẹ̀ ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Washington, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ó jọ ọ̀rọ̀ Nóà létí wọn. Ẹ̀rí ni ó borí níkẹyìn; ní 1979, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Penrose, ọ̀kan lára àwọn tí ó ga jù nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìkún-omi ńlá a máa fi ojú ipa rẹ̀ sílẹ̀, a sì lè dá a mọ̀ nígbà tí a bá rí i. Nítorí náà, a lè béèrè bóyá irú ojú ipa bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní Sókótó.

4. Ibi tí àbá náà ti já: òwe ààtàn

Ẹ jẹ́ kí a wo ààtàn ẹ̀yìnkùlé. Ìṣẹ́jú kan ni ìyàwó ilé fi ń da agbọ̀n pàǹtí kan síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá wo ààtàn tí ó ga tó ènìyàn mẹ́ta, tí ó wá ní, “Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń da agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àná ni ààtàn yìí bẹ̀rẹ̀”, a ó rẹ́rìn-ín. Bí agbọ̀n kan ṣe yára sí kò sọ bí ààtàn ṣe pẹ́ tó. Àárín agbọ̀n kan sí èkejì ni ọjọ́ àti ọdún wà: òjò rọ̀, adìyẹ tàn án, koríko hù lórí rẹ̀, ìyá àgbà kú, ìyàwó tuntun wọlé, kí agbọ̀n mìíràn tó dé.

Ibi tí àbá náà ti já gan-an nìyí. Ìwé náà fi hàn pé ìpele kan lè yára tẹ́, ó sì fò láti ibẹ̀ sórí pé gbogbo ìpele ni ó yára tẹ́ papọ̀. Ìbéèrè tí ó kàn ni: kí ni a rí láàárín ìpele kan sí èkejì? Bí ìkún-omi ọdún kan ni ó tẹ́ gbogbo rẹ̀, kò yẹ kí a rí koríko tí ó hù, ihò tí ẹran gbẹ́ láti gbé inú rẹ̀, tàbí ilẹ̀ tí oòrùn àti òjò ti jẹ di yangí. Bí a bá rí wọn, àkókò wà láàárín wọn.

Ààtàn tún ń kọ́ wa ní nǹkan kejì. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ààtàn ilé àtijọ́ kan wálẹ̀ yóò bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lókè, yóò bá abọ́ tánganran nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì bá àpáàdì ìkòkò àti owó ẹyọ nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí ibi tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti máa ń wà lábẹ́ owó ẹyọ, àfi tí ẹnìkan bá ti hú ilẹ̀ náà rí. Ètò yìí kì í ṣe nítorí pé ọ̀rá fúyẹ́ ju ẹyọ lọ. Nítorí pé ìgbà ẹyọ kọ́kọ́ kọjá kí ìgbà ọ̀rá tó dé ni.

5. Ìpele òkúta Sókótó

Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni a ó ti ka òkúta Sókótó, bí ẹni ń ka ààtàn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àpáta líle bíi gíráníìtì wà, irú èyí tí Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti òkè Ìdànrè jẹ́. Lórí rẹ̀ ni òkúta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Gundumi àti Illo jókòó lé. Iyanrìn, amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí omi odò ti yí títí tí wọ́n fi di roboto. Kí òkúta wẹ́wẹ́ tó lè wà, àpáta ìsàlẹ̀ ti gbọ́dọ̀ tutù, kí ó yọ sójú ilẹ̀, kí ó fọ́, kí odò sì yí àfọ́kù rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni òkun wọlé. Àwọn ìpele mẹ́ta tẹ̀léra wọn: Taloka, Dukamaje àti Wurno. Nínú òkúta iyanrìn Taloka, a rí ihò tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké gbẹ́ láti fi ṣe ilé nígbà tí iyanrìn náà ṣì rọ̀. Ẹni tí ìkún-omi ń gbé lọ kì í dúró kọ́lé. Lórí àwọn mẹ́ta yìí ni Dange wà, amọ̀ líle tí ó ní kóró fọ́sífétì nínú, lẹ́yìn náà Kalambaina, tí ó jẹ́ òkúta ẹfun, lẹ́yìn rẹ̀ ni Gamba. Òkun wá padà sẹ́yìn, odò àti adágún omi sì tún gba ilẹ̀. Iyanrìn àti amọ̀ Gwandu ni ó wà lókè gbogbo wọn. Ilẹ̀, òkun, ilẹ̀: báyìí ni ìtàn náà lọ. Ìkún-omi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ irú ìtàn yìí.

Kalambaina ni a fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ni ó dáhùn ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yìn ìlú Sókótó níbẹ̀ yẹn ni ó wà, ní Wamakko. Láyé Sàrdáúnà, Ahmadu Bello, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1967. Lónìí ó ti di ti BUA. Òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀ kún fún ìkarahun, fún àwọn ẹ̀dá òkun roboto ẹlẹ́gùn-ún tí a ń pè ní Linthia, àti fún àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí láìlo maíkíróskóòpù. Púpọ̀ nínú òkúta náà kì í ṣe ẹrẹ̀ tí òkú bọ́ sínú rẹ̀. Ara àwọn ẹ̀dá náà gan-an ni òkúta ọ̀hún. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bí, tí ó fa ẹfun láti inú omi, tí ó kọ́ ìkarahun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó dàgbà, tí ó sì kú, kí èkejì tó gorí rẹ̀. Bí òkúta náà tilẹ̀ le ní ọjọ́ kan, a kò bí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Báwo wá ni sìmẹ́ǹtì ṣe ń yára le? Nítorí iná ni. Wọ́n á lọ òkúta ẹfun pẹ̀lú amọ̀, wọ́n á sun ún nínú iná ìléru tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á jáde, wọ́n á tún un lọ̀ kúnná. Agbára tí iná náà fi sínú rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí bíríkìlà bá da omi sí i. Iyanrìn òkun kò gba inú iná ìléru kọjá. Ẹni tí ó bá fi búlọ́ọ̀kù Sama Road ṣe ẹ̀rí pé òkúta yára dá ti gbàgbé láti béèrè ibi tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ti wá. Òkúta tí ó pẹ́ jù ni wọ́n jó kí èyí tí ó yára tó lè wà.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa láti ilẹ̀ Yorùbá náà kò sí lẹ́yìn. Òkúta ẹfun Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, jẹ́ ẹgbẹ́ Kalambaina ní ọjọ́ orí; sáà kan náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ pín àwọn méjèèjì sí, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ tí ó wà ní Abẹ́òkúta lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú òkúta ìdí ilé rẹ̀.

6. Àlégbà òkun àti àbùùbùtán

Àwọn tí ó gbè àbá náà lẹ́yìn mọ̀ pé fọ́síìlì tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ilẹ̀. Whitcomb àti Morris wá ìdáhùn sí i: wọ́n ní omi ni ó tò wọ́n, bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo sí, bí ó ṣe lè sáré sí, àti ibi tí ó ń gbé. Ìdáhùn yìí dùn létí. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò pẹ̀lú ẹran méjì tí wọ́n rí ní Nàìjíríà.

Èkíní ni Goronyosaurus. Ẹran òkun ńlá ni, ìbátan àlégbà, tí ó ń mí afẹ́fẹ́, tí ó sì ń ṣọdẹ nínú omi. Inú ìpele Dukamaje, ní agbègbè Goronyo, ni egungun rẹ̀ ti jáde. Swinton ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1930, wọ́n sì fún un ní orúkọ Goronyo ní 1972. Èkejì ni Pappocetus lugardi, ọ̀kan lára àwọn àbùùbùtán àkọ́kọ́, tí Andrews ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1920 láti inú òkúta Ameki ní ìlà-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè yìí. Òun náà tóbi, òun náà ń wẹ̀, òun náà ń mí afẹ́fẹ́. Bí omi bá ń to ẹran nípa ìwọ̀n, nípa eré àti nípa ibùgbé, ibì kan náà ni ó yẹ kí a ti máa bá àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní gbogbo ayé, ìpele tí ìbátan àlégbà òkun wà kò ní àbùùbùtán nínú, ìpele tí àbùùbùtán wà kò sì ní ìbátan àlégbà òkun. Ọ̀rọ̀ owó ẹyọ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni. Ìgbà wọn ni kò pàdé.

7. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ọjọ́ orí

Ìwé pẹlẹbẹ náà ní ọfà kan tí ó kù nínú apó rẹ̀. Ní 1996, Steven Austin, onímọ̀ ilẹ̀ tí ó gba àbá yìí, kéde pé òun fi òkúta St Helens tí kò ju nǹkan bí ọdún 10 lọ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, èsì tí ó gbà sì ni ọdún 350,000. Ó dà bí ẹni pé òṣùwọ̀n náà ń purọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú òṣùwọ̀n tí ó jẹ́. Irú pọtáṣíọ̀mù kan nínú òkúta a máa yí padà di ágọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ó lọ́ra púpọ̀: ó ń gba nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 1.25 kí ìdajì rẹ̀ tó yí. Láàárín ọdún 10, ohun tí ó yí padà kò tó nǹkan tí ẹ̀rọ lè rí. Ágọ́ọ̀nù díẹ̀ tí ó ti há sínú kóró òkúta tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ kà. Ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ ńlá kan wà tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹnìkan bá bu iyọ̀ sí orí rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì sọ pé kílò 20, ẹni tí ó gbé iyọ̀ síbẹ̀ ni ó ṣi ẹ̀rọ lò. Kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ akẹ́rù kò wúwo.

Ọ̀rọ̀ Mary Schweitzer náà wà níbẹ̀, ẹni tí ó kéde ní 2005 pé òun rí ẹran rírọ̀ nínú egungun dáínósọ̀. Ìwé náà ní ìyẹn fi hàn pé egungun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Schweitzer fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ onígbàgbọ́, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wádìí bí irin inú ẹ̀jẹ̀ ṣe lè pa ẹran mọ́. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu a máa kọ́ wa bí nǹkan ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀. Kì í pa gbogbo ẹ̀rí yòókù rẹ́.

8. Ìgbàgbọ́ àti kíláàsì

A kò kọ iṣẹ́ yìí láti bá Bíbélì tàbí Àlùkùránì jà. Lórí tábìlì ìwé kan náà tí a ti ra ìwé pẹlẹbẹ yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lòdì sí i lè wà. Harun Yahya, Mùsùlùmí ará Turkey, tẹ Atlas of Creation jáde ní 2006. Òun náà tako Darwin, ṣùgbọ́n ó gbà pé fọ́síìlì ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, orí ìyẹn gan-an ni ó gbé àríyànjiyàn rẹ̀ lé. Àwọn tí ó ń gbèjà Ẹlẹ́dàá kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ orí òkúta. Nítorí náà, kò tọ́ kí olùkọ́ sọ fún ọmọ pé ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Kò sì tọ́ kí olùkọ́ mìíràn sọ pé ẹni tí ó gba Ọlọ́run gbọ́ jẹ́ òpè. Àwọn méjèèjì ń fi ohun tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà kún un.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ tóbi. Ọmọ tí a bá sọ fún pé òkúta Kalambaina àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lè jọ wà, yóò yan ọ̀kan, yóò sì pàdánù èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa kò béèrè máàkì lọ́wọ́ wa. Ohun tí yóò sọ fún ọmọ ni ó ń wá. A fún un ní máàkì, a kò fún un ní ọ̀rọ̀.

Àbá wa sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni mẹ́ta ni. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa fọwọ́ kan òkúta kí wọ́n tó kọ́ni nípa rẹ̀. Òkúta ẹfun kan láti Kalambaina tàbí Ewékorò àti gíláàsì ìsọ-nǹkan-di-ńlá kan kò wọ́n. Èkejì, kí a kọ́ wọn láti ya ìbéèrè sọ́tọ̀: “Báwo ni ìpele kan ṣe yára tó?” yàtọ̀ sí “Báwo ni gbogbo ìpele ṣe pẹ́ tó?” Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú àwa olùyẹ̀wò má ṣe gé máàkì lórí irú ọ̀rọ̀ yìí láì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ní ọjọ́ kejì.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àbá tí a yẹ̀ wò gba apá kan òtítọ́ mú: ọ̀pọ̀ nǹkan ní ayé ń yára ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni àárín. Ó ka agbọ̀n, kò ka ọjọ́ tí ó wà láàárín agbọ̀n kan sí èkejì.

Bí ọmọ yẹn bá tún nawọ́, tí ó béèrè bí ìkarahun òkun ṣe dé Sókótó, èsì tí a ó fi lé akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́wọ́ nìyí: “Ìkarahun kò wá bá wa, òkun ni ó wá. Ó dé, ó pẹ́ níbí, ẹ̀dá bí ẹ̀dá nínú rẹ̀, ó sì padà. Lọ́la, ẹ mú òkúta wá, kí á jọ ka àwọn tí ó gbé inú rẹ̀.” Ọmọ Mùsùlùmí lè gbọ́ ọ, ọmọ Kírísítẹ́nì lè gbọ́ ọ, kò sì sí èyí tí yóò ti ipasẹ̀ rẹ̀ sọ àdúrà alẹ́ rẹ̀ nù.